Owó Wáráńtì Ti Wà Nínú Owó Fóònù

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ kú ìjókòó o. N kò ní fi àkókò yín ṣòfò. Gbólóhùn kan ṣoṣo ni ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá, àlàyé rẹ̀ ló gùn: ẹni tó bá ra fóònù tuntun ti san owó wáráńtì rẹ̀ mọ́ owó fóònù náà. Kò sí ilé-iṣẹ́ tó fi wáráńtì ta ẹnikẹ́ni lọ́rẹ. Síbẹ̀, bí fóònù bá dẹnu kọlẹ̀, ṣe la máa ń dúró níwájú káńtà bí ẹni tó wá tọrọ: "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wò ó, ẹ ṣàánú mi." Àánú wo? Gbèsè la wá gbà.

Bóyá ẹnìkan á bi mí pé báwo ni mo ṣe mọ̀. Ẹ lọ wo ìwé ìṣirò owó wọn. Ìlànà ìṣirò owó tí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ń tẹ̀ lé, èyí tí wọ́n ń pè ní IAS 37, ní kí ilé-iṣẹ́ tó bá ta ọjà tó ní wáráńtì ti ṣírò ohun tí àtúnṣe máa ná an lọ́jọ́ iwájú, kó sì kọ ọ́ sílẹ̀ bíi gbèsè. Kò ní dúró dìgbà tí fóònù kan bá bàjẹ́. Ìrírí àwọn èyí tí wọ́n ti tà sẹ́yìn ti fi yé wọn pé, nínú gbogbo èyí tó bá jáde, iye báyìí ni yóò padà wá: agbóhùnsókè ti ẹnìkan ò ní dún, ojú fóònù ẹlòmíràn á máa fi ìlà hàn, ti ẹlòmíràn ò ní gba iná mọ́. Ibo ni ẹ rò pé owó rẹ̀ ti ń wá bí kò ṣe lára iye tí wọ́n dá lé ọjà? Ó dà bí àjọ tí gbogbo wa jọ ń dá láì mọ ara wa: ẹni tí fóònù rẹ̀ ò bàjẹ́ rí ti bá ẹni tí tirẹ̀ bàjẹ́ dá owó sílẹ̀. Ẹni tó bá wá dákẹ́ nígbà tó yẹ kó gba tirẹ̀, ọwọ́ olórí àjọ ló fi í sílẹ̀ sí.

Ohun mẹ́ta ni a máa ń dà pọ̀ mọ́ra, ibẹ̀ sì ni ìjà ti ń bẹ̀rẹ̀. Ọ̀kan ni wáráńtì ilé-iṣẹ́ fúnra rẹ̀, ìyẹn ìlérí pé bí àbùkù bá wà lára ohun èlò tàbí lára iṣẹ́ ọwọ́ àwọn tó tò ó, àwọn á tún un ṣe tàbí kí àwọn pààrọ̀ rẹ̀. Ọdún kan ló wọ́pọ̀ jù fún fóònù. Nínú ìwé àwọn ilé-iṣẹ́ kan, ṣájà àti bátìrì kì í tó bẹ́ẹ̀. Èkejì ni ẹ̀tọ́ tí òfin ìlú fún ẹni tó ra ọjà, èyí tí ilé-iṣẹ́ kankan ò lè fi ìwé tirẹ̀ pa rẹ́. Ẹ̀kẹta ni adójútòfò, tí à ń san owó rẹ̀ lọ́tọ̀, tó wà fún fóònù tó já bọ́, tó rì sómi, tàbí tí olè gbé. Ẹni tí fóònù bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ tó fọ́, tó wá ń pariwo mọ́ òṣìṣẹ́ wáráńtì, ilé ẹni tí kò jẹ ẹ́ ní gbèsè ló ti lọ ń sin owó.

Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ lórí èkejì yẹn, nítorí òun ni ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀ pé ó wà. Láàárín àwọn orílẹ̀-èdè Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù, òfin ọdún 1999 ti sọ ọ́ di dandan pé, ó kéré tán, ọdún méjì ni olùtajà yóò fi máa jíhìn àbùkù ara ọjà tó tà. Olùtajà ni mo wí o, n kò wí ẹni tó ṣe é. Bó bá ní kí ẹ máa lọ bá àwọn tó ṣe fóònù, ó kàn fẹ́ bọ́ ẹrù lórí ara rẹ̀ ni. Òfin tuntun tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 1 oṣù kìíní ọdún 2022 tún le ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ó ní bí àbùkù bá yọjú láàárín ọdún kan, a ó gbà pé ó ti wà lára ọjà náà láti ọjọ́ tí oníbàárà ti gbà á, àfi bí olùtajà bá lè fi hàn pé kò rí bẹ́ẹ̀. Oṣù mẹ́fà péré ni tẹ́lẹ̀.

Lójú tèmi, ìlà yẹn ju gbogbo ìyókù òfin náà lọ. Oníbàárà ò ní ẹ̀rọ tó lè fi yẹ inú fóònù wò. Kò mọ èyí tó jẹ́ pé àwọn tó tò ó pọ̀ ni kò tò ó dáadáa, kò sì mọ èyí tó jẹ́ pé ìlò ló bà á jẹ́. Bí ẹ bá ní kó lọ wá ẹ̀rí wá, ẹ ti dá ẹjọ́ náà kó tó sọ̀rọ̀. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà ní tiwọn: òfin ẹ̀tọ́ oníbàárà ti ọdún 2015 fún ẹni tó bá ra ọjà tó lábùkù ní ọjọ́ 30 láti dá a padà kó sì gba gbogbo owó rẹ̀. Ibi yòówù kí ẹ máa gbé, ẹ wádìí ohun tí òfin ibẹ̀ sọ kí ẹ tó gbé ìwé ilé-iṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí òpin ọ̀rọ̀. Ìwé ilé-iṣẹ́ kì í sábà pariwo òfin. Ó máa ń há a sí ìsàlẹ̀, pẹ̀lú lẹ́tà wínníwínní.

Mo ti ṣiṣẹ́ nídìí káńtà àtúnṣe rí, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ bí wọ́n bá ti gba fóònù lọ́wọ́ yín. Àlàyé tí ẹ ń ṣe kọ́ ni òṣìṣẹ́ kọ́kọ́ ń gbọ́. Yóò dà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ lábẹ́ iná, yóò máa wá ibi tó ti kọlu nǹkan, pàápàá ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Lẹ́yìn náà, yóò fi irin tín-ín-rín ti àwo síìmù jáde, yóò sì tan iná sínú ihò náà. Bébà kékeré kan wà nínú ibẹ̀ lára ọ̀pọ̀ fóònù. Bí omi ò bá kàn án rí, funfun ni. Bí omi bá ti kàn án, á pọ́n, kò sì ní funfun mọ́ láéláé. Bí òṣìṣẹ́ bá ti rí pupa, á gbé fóònù kalẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, á kọ "omi" sí ojú fọ́ọ̀mù, ọ̀rọ̀ wáráńtì ti parí nìyẹn. Iye owó àtúnṣe ló kù tí á sọ fún yín.

Ṣùgbọ́n kí ni bébà pupa yẹn sọ ní tòótọ́? Kò sọ ju pé nǹkan olómi ti dé inú ihò síìmù lọ. Kò sọ pé omi ló ba kámẹ́rà tó wà lókè jẹ́. Èèyàn lè ní fóònù tí omi kàn díẹ̀ lọ́dún tó kọjá, kí kámẹ́rà rẹ̀ wá kú lónìí nítorí pé wọn ò tò ó dáadáa níbi tí wọ́n ti ṣe é. Ẹ lè ní kí wọ́n ṣí i, kí wọ́n sì fi ibi tó ti dípẹtà hàn yín. Òṣìṣẹ́ tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ ò ní bínú sí ìbéèrè yẹn. Èyí tó bá bínú, ẹ bi í pé ta ni ọ̀gá rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ omi yìí ní àgàbàgebè nínú. Ẹ máa rí i nínú ìpolówó: wọ́n á ti fóònù bọ inú omi, wọ́n á fi ya fọ́tò lábẹ́ odò ìlúwẹ̀ẹ́, wọ́n á kọ IP68 sí i gàdàgbà. Nọ́ńbà 6 ń sọ pé eruku ò lè wọ inú rẹ̀, 8 sì ń sọ pé ó lè wà nínú omi tó jìn ju mítà kan lọ, fún iye àkókò tí ilé-iṣẹ́ fúnra rẹ̀ dá. Inú iyàrá àyẹ̀wò ni wọ́n ti dán an wò, pẹ̀lú omi lásán. Omi òkun tó níyọ̀, omi ọṣẹ, omi tí wọ́n da kẹ́míkà sí, ìyẹn ò sí nínú rẹ̀. Rọ́bà tó sì ń dí ẹnu ihò ara fóònù ń gbó díẹ̀díẹ̀ bí ọdún ti ń lọ. Ẹ wá ṣí ìwé wáráńtì fóònù kan náà, ẹ máa bá a níbẹ̀ pé a kò ní tún èyí tí omi bá bàjẹ́ ṣe. Àwọn aláṣẹ ti rí i ṣáájú wa: ní oṣù kọkànlá ọdún 2020, àjọ tó ń mójú tó ìdíje ọjà ní Ítálì bu ìtanràn mílíọ̀nù 10 owó yúrò lé Apple, nítorí bó ṣe ń polówó pé omi ò ran fóònù rẹ̀ nígbà tí kò gbà láti fi wáráńtì tún èyí tí omi bàjẹ́ ṣe. Ní oṣù kẹfà ọdún 2022, ilé ẹjọ́ ní Ọsirélíà ní kí Samsung san mílíọ̀nù 14 dọ́là ilẹ̀ náà lórí ìpolówó tó fi àwọn fóònù Galaxy kan hàn nínú omi odò ìlúwẹ̀ẹ́ àti omi òkun.

Mo mọ̀ pé àwọn tó ń tún fóònù ṣe fúnra wọn wà láàárín yín. Ẹ má bínú, mo ti dé ọ̀dọ̀ yín. Ìbẹ̀rù tó pọ̀ jù lọ lọ́kàn oníbàárà ni pé bí ẹlòmíràn bá ti fọwọ́ kan fóònù òun, wáráńtì ti kú. Àwọn ilé-iṣẹ́ ló fi ìbẹ̀rù yìí sí wa lára. Wọ́n á lẹ sítíkà kékeré mọ́ orí ìdè, wọ́n á kọ ọ́ sí i pé ẹni tó bá ya á ti pàdánù wáráńtì rẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, òfin Magnuson-Moss ti ọdún 1975 ò fàyè gba ilé-iṣẹ́ láti sọ pé wáráńtì òun ò ní ṣiṣẹ́ àfi bí oníbàárà bá lo ẹ̀yà ara tàbí àtúnṣe tòun tí a ń san owó fún. Ní oṣù kẹrin ọdún 2018, àjọ FTC tó ń mójú tó òwò níbẹ̀ kọ lẹ́tà ìkìlọ̀ sí ilé-iṣẹ́ mẹ́fà lórí irú sítíkà àti irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà tún gba ibòmíràn yọ nígbà tí iPhone àwọn kan kú pátápátá lẹ́yìn ìmúdójúìwọ̀n sọ́fítíwíà, tó ń fi "Error 53" hàn lójú, tí wọ́n sì ń sọ fún àwọn tó ni ín pé ẹni tó wà níta ló tún un ṣe rí, nítorí náà àwọn ò lè ràn wọ́n lọ́wọ́. Oṣù kẹfà ọdún 2018 ni ilé ẹjọ́ àpapọ̀ Ọsirélíà ní kí Apple san mílíọ̀nù 9 dọ́là ilẹ̀ náà. Ó kéré tán, oníbàárà 275 ni wọ́n ti sọ bẹ́ẹ̀ fún.

Ẹ̀yin atúnfóònùṣe, ẹ tún gbọ́ apá kejì o. Bí ẹ bá ṣí fóònù tí ẹ já wáyà inú rẹ̀, ilé-iṣẹ́ ò jẹ oníbàárà yín ní gbèsè lórí wáyà yẹn. Ẹ̀yin lẹ jẹ ẹ́.

Bátìrì ló ń fa ariwo tó pọ̀ jù lẹ́yìn omi. Bátìrì lítíọ́ọ̀mù ń gbó bó ti wù kí a tọ́jú rẹ̀ tó, wáráńtì ò sì wà fún ogbó. Àbùkù ló wà fún. Bí wọ́n ṣe ń wọn ogbó yìí ni pé wọ́n ń ka ìyípo. Ẹni tó lo ìdajì bátìrì lónìí, tó gba iná kún, tó tún lo ìdajì lọ́la, ìyípo kan ló lò. Apple sọ pé òun ṣe bátìrì àwọn iPhone tó ṣáájú iPhone 15 kó lè ṣẹ́ku ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún agbára rẹ̀ lẹ́yìn ìyípo 500. Ti iPhone 15 wá di 1000. Ẹ wo iye tó wà lójú fóònù yín nínú ètò bátìrì kí ẹ tó gbéra lọ jà. Ibi tí ilé-iṣẹ́ ti jẹ̀bi ni pé kí ó mọ̀, kó má sọ. Oṣù kejìlá ọdún 2017 ni Apple jẹ́wọ́ pé sọ́fítíwíà òun ń dín eré àwọn iPhone tí bátìrì wọn ti gbó kù kí wọ́n má baà máa kú lójijì. Àwọn èèyàn ti ń ju fóònù tí bátìrì tuntun ì bá tún ṣe nù kí ìyẹn tó jáde. Ní ọdún 2018, wọ́n ní láti sọ owó pípààrọ̀ bátìrì kalẹ̀ láti dọ́là 79 sí dọ́là 29 fún ọ̀pọ̀ nínú wọn.

Bí bátìrì bá wú, tó ń ti ẹ̀yìn fóònù sókè, ẹ gbàgbé ọ̀rọ̀ wáráńtì ná. Ẹ pa á, ẹ má fi iná sí i mọ́, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gún un. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Galaxy Note 7 lọ́dún 2016 ò jìnnà sí wa. Oṣù kẹjọ ni fóònù náà bọ́ sọ́jà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹsàn-án, Samsung ti ń pè é padà nítorí ó ń gbiná. Àwọn èyí tí wọ́n fi pààrọ̀ náà tún ń gbiná, ni wọ́n bá pa á rẹ́ pátápátá ní oṣù kẹwàá. Nígbà tí àbájáde ìwádìí wọn jáde ní oṣù kìíní ọdún 2017, wọ́n ní bátìrì láti ọ̀dọ̀ ilé-iṣẹ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni, kálukú pẹ̀lú àbùkù tirẹ̀. Irú ìpèpadà bẹ́ẹ̀ ò sí lábẹ́ àdéhùn ọdún kan. Bí ilé-iṣẹ́ bá pe fóònù yín padà, ẹ gbé e lọ, yálà wáráńtì rẹ̀ ti tán tàbí kò tíì tán.

Lẹ́yìn ọdún kan yẹn ńkọ́? Ibẹ̀ ni mo rò pé iṣẹ́ pọ̀ sí jù, nítorí fóònù tó dára lè ṣiṣẹ́ fún ọdún márùn-ún tí ẹ̀yà ara rẹ̀ bá ṣì wà lọ́jà tí sọ́fítíwíà rẹ̀ sì ń wọlé. Láti ọjọ́ 20 oṣù kẹfà ọdún 2025, fóònù tuntun tó bá wọ ọjà Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí àwọn ẹ̀yà ara rẹ̀ tó ṣe kókó máa wà fún títà fún ọdún méje lẹ́yìn tí wọ́n bá ṣíwọ́ títa fóònù náà, tí ìmúdójúìwọ̀n rẹ̀ á máa jáde fún ọdún márùn-ún ó kéré tán, tí bátìrì rẹ̀ á sì ní ìdá 80 lẹ́yìn ìyípo 800. Google ti ṣèlérí ìmúdójúìwọ̀n ọdún méje fún Pixel 8 lọ́dún 2023, Samsung náà ṣe bẹ́ẹ̀ fún Galaxy S24 ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2024. Bí ẹ bá fẹ́ fi fóònù méjì wéra, ẹ fi iye ọdún yìí síwájú iye kámẹ́rà.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ béèrè bóyá wáráńtì náà ń ṣiṣẹ́ níbi tí ẹ ń gbé. Fóònù tí wọ́n ṣe fún ọjà orílẹ̀-èdè kan tí oníṣòwò gba ẹ̀yìnkùlé kó wọ ibòmíràn lè jẹ́ ojúlówó pọ́nńbélé, kí ilé àtúnṣe tó wà nítòsí yín má sì gbà á. Ẹ tẹ *#06#. Nọ́ńbà 15 tó bá yọ ni IMEI, ìyẹn nọ́ńbà ìdánimọ̀ fóònù náà, ó sì gbọ́dọ̀ bá èyí tó wà lára páálí mu. Ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ní ojú ewé tí ẹ lè fi nọ́ńbà yìí tàbí nọ́ńbà ara ẹ̀rọ wo ọjọ́ tí wáráńtì yóò parí. Fóònù tí wọ́n pè ní tuntun tí ọjọ́ rẹ̀ ti ń kà láti oṣù mẹ́rin sẹ́yìn, ẹnìkan ti tàn án rí. Ẹ ya fọ́tò rìsíìtì lọ́jọ́ náà gan-an: bébà rìsíìtì ọ̀pọ̀ ìsọ̀ kò lo yíǹkì, ooru ni wọ́n fi ń tẹ̀ ẹ́, ooru náà ló sì ń pa ohun tó wà lójú rẹ̀ rẹ́.

Ó wá ku ọjọ́ tí ẹ máa gbé e lọ fún àtúnṣe. Ẹ kó ohun inú rẹ̀ pa mọ́ síbòmíràn, nítorí kò sí ìwé wáráńtì kan tí mo mọ̀ tó ń dáhùn fún fọ́tò tó sọnù. Bí fóònù bá ṣì ń tàn, ẹ pa gbogbo rẹ̀ rẹ́. Bí kò bá ṣeé ṣe, àwọn Samsung àti Pixel kan ní ètò àtúnṣe tó ń fi nǹkan yín pamọ́ kí òṣìṣẹ́ má baà rí i. Ẹ má rò pé àṣejù ni. Ní ọdún 2021 ni ìròyìn jáde pé Apple ti san ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù dọ́là fún obìnrin kan ní Amẹ́ríkà, lẹ́yìn tí àwọn òṣìṣẹ́ ilé àtúnṣe tó ń bá wọn ṣiṣẹ́ gbé fọ́tò ìhòòhò rẹ̀ jáde láti inú fóònù tó ní kí wọ́n tún ṣe. Ẹ yọ síìmù àti káàdì ìpamọ́. Ẹ ya fọ́tò ojú, ẹ̀yìn àti igun rẹ̀ níwájú òṣìṣẹ́, kí ẹ sì rí i pé ohun tó kọ sí fọ́ọ̀mù bá ohun tí ẹ sọ mu. "Kò ṣiṣẹ́" kò tó. "Ó ń kú lójijì bí bátìrì bá ku ìdá 40, láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá" ni kó kọ. Bí wọ́n bá kọ̀ láti tún un ṣe, ẹ ní kí wọ́n kọ ìdí rẹ̀ sílẹ̀ kí wọ́n sì fọwọ́ sí i. Ọ̀pọ̀ "kò ṣeé ṣe" ló máa ń di "ẹ jẹ́ ká tún un wò" nígbà tí bírò bá dé orí bébà, ìwé yẹn náà sì ni àjọ tó ń gbèjà oníbàárà máa kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ yín.

Bí ẹ bá padà lọ gbà á, ẹ wo IMEI rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, nítorí wọ́n lè ti pààrọ̀ rẹ̀ pátápátá. Ìwé ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ sì gbà wọ́n láyè láti fi èyí tí wọ́n ti tún ṣe rọ́pò rẹ̀. Ẹ béèrè iye ọjọ́ tí àtúnṣe náà ní wáráńtì tirẹ̀: ti Apple jẹ́ ọjọ́ 90, tàbí èyí tó bá kù lára ti àkọ́kọ́, èyí tó bá gùn jù nínú méjèèjì. Ẹ pe ẹnìkan kí ẹ gbóhùn rẹ̀, ẹ ya fọ́tò níwájú àti lẹ́yìn, ẹ fi ṣájà bọ̀ ọ́ kí ẹ rí i pé ó ń gba iná. Ẹ ṣe gbogbo rẹ̀ lórí ìdúró níwájú káńtà náà, bí ìlà ẹ̀yìn yín tilẹ̀ ń kùn, kí ẹ tó fọwọ́ sí i pé ẹ ti gbà á.